Kíka Ìwé Ilẹ̀ Káúńtì ní Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà



Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ìwé ilẹ̀. Iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn awọnlẹ̀ ni a ka èyí sí, n kò sì bá wọn du iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun kíkà ni ìwé ilẹ̀ jẹ́. Ó ní ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ní ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ó ní èdè tirẹ̀ tí kò jọ èdè tí a ń sọ lọ́jà, ó sì ní àwọn nǹkan tí ó dákẹ́ lé lórí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà lè pàdánù ilé lórí rẹ̀. Ohun tí ó mú mi mọ èyí ni ọ̀ràn tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tiwa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Òru ni ó ń ṣiṣẹ́ jù, ó sì tọ́jú owó fún ọdún mọ́kànlá kí ó tó ra ilé kékeré kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan, ní káúńtì kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n kọ ìwé, ọkùnrin náà buwọ́ lù ú níwájú nótárì, wọ́n sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì káúńtì. Akọ̀wé gba owó, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà, ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, ó sì fún un ní nọ́ńbà. Ọmọ náà ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi dúpẹ́, ìjọba ti fọwọ́ sí i.” Èmi náà dúpẹ́. Kò ju oṣù mẹ́rìnlá lọ lẹ́yìn èyí tí lẹ́tà agbẹjọ́rò fi dé. Ìyá àwọn mẹ́rin kan ni ó ni ilé náà. Ó kú láì ṣe ìwé ìhágún. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ mẹ́rin ni ọkùnrin tí ó tà á. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọmọ wa rà.

Ìjọba kò fọwọ́ sí ohunkóhun. Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ lónìí, nítorí pé àwọn ọmọ wa tí ó ń ra ilé ní òkè òkun ń pọ̀ sí i, àti nítorí pé àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí nípa àwọn ìran wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ náà kò ní lè ṣe é láì dé yàrá ìwé ilẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ 50, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì pín sí káúńtì tí iye wọn lé ní 3,000. A lè fi káúńtì wé ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ní ti ìwé ilẹ̀, agbára rẹ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ fíìfíì. Kò sí ọ́fíìsì kan ní Washington tí ó kó gbogbo ìwé ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà jọ. Káúńtì tí ilẹ̀ bá wà ni ìwé rẹ̀ ń gbé. Orúkọ ọ́fíìsì náà kò dọ́gba káàkiri: ní ibòmíràn akọ̀wé káúńtì ni ó ń tọ́jú ìwé, ní ibòmíràn a yan òṣìṣẹ́ kan fún un, ní Alabama, ọ́fíìsì adájọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ogún ni. Ní Connecticut, Rhode Island àti Vermont, akọ̀wé ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní i lọ́wọ́, kì í ṣe káúńtì rárá. Louisiana kò tilẹ̀ ní ohun tí ń jẹ́ káúńtì. Párìṣì ni wọ́n ń pe tiwọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùwádìí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ nìyí: ta ni ó ń tọ́jú ìwé níhìn-ín?

Ìṣe yìí ti pẹ́. Ní 1640 ni àwọn ará Massachusetts ti ṣe òfin pé ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ kí ó jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé gbogbogbòò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ó rà lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí olùtà bá tún ta ilẹ̀ kan náà fún ẹlòmíràn tí kò mọ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí òfin náà ṣe àti ohun tí kò ṣe. Ó ní kí a kéde. Kò ní kí ìjọba wádìí bóyá olùtà ni ó ni ilẹ̀. Bí akéde ìlú bá ń lu agogo kiri àdúgbò pé, “Lágbájá ní òun ti ta ilẹ̀ òun fún Tàmẹ̀dò o,” kò sí ẹni tí yóò sọ pé akéde jẹ́rìí sí i pé Lágbájá ni ó ni ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi rán an ni ó jẹ́. Akọ̀wé káúńtì ni akéde. Ìwé ńlá orí pẹpẹ ni agogo rẹ̀. Òǹtẹ̀ tí ó lù sọ pé ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ òun ní ọjọ́ báyìí, ní wákàtí báyìí. Ó parí síbẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. A mọ ọ̀nà kejì ní Èkó láti 1935, nígbà tí a ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ ilẹ̀, níbi tí ìjọba ti kọ́kọ́ ń ṣe ìwádìí kí ó tó fi orúkọ ènìyàn sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Irú rẹ̀ wà ní Hawaii àti ní àwọn apá kan ní Massachusetts àti Minnesota. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà, ìkéde nìkan ni káúńtì ń ṣe, olùkàwé ni adájọ́. Èyí ni ó bí iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìbánigbófò lórí ẹ̀tọ́ ilẹ̀, tí èkíní wọn bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia ní 1876. Bí òǹtẹ̀ ìjọba bá jẹ́ ẹ̀rí ìní ni, ta ni yóò tún san owó ìbánigbófò? Ọmọ wa kò san án. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó rò pé àwọn ènìyàn fẹ́ jẹ òun lówó ni.

Nígbà náà, báwo ni a ṣe ń wá a? N ó fi ènìyàn kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Ní 1860, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí Mobile ní Alabama. Timothy Meaher ni ó ṣètò rẹ̀, William Foster ni ọ̀gákọ̀. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà láti pa àṣírí mọ́. Ní 2019 ni a tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òkú ọkọ̀ tí a rí nínú odò níbẹ̀ ni Clotilda. Ọ̀kan nínú àwọn tí a kó ni Kossola. Ìwádìí òpìtàn Sylviane Diouf fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, tí kò sì sí owó láti padà wá sílé, àwọn ènìyàn náà rán Kossola sí Meaher pé kí ó fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọdún márùn-ún tí wọ́n ṣe láì gba kọ́bọ̀. Meaher kọ̀. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú owó, wọ́n ń ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, 1872, Kossola ra nǹkan bí éékà méjì ní 100 dọ́là. Ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí náà ni ayé mọ̀ sí Africatown.

Èyí tí a mọ̀ nípa bí Meaher ṣe kọ̀, láti ẹnu Kossola fúnra rẹ̀ ni ó ti wá. Zora Neale Hurston lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní 1927 àti 1928, ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ kò sì jáde títí di 2018. Ọjọ́, iye owó àti ìwọ̀n ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnu máa ń pa mọ́ títí. Irú èyí ni ìwé káúńtì ń tọ́jú. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Ẹni tí ó ka ìwé 1872 nìkan yóò rò pé ọkùnrin kan kàn ra ilẹ̀ ni.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ tẹ̀ lé ilẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lónìí, ọ́fíìsì méjì ni yóò wọ̀, kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ọ́fíìsì owó orí ilé àti ilẹ̀, irú owó tí àwa ń pè ní tẹnimẹ́ǹtì. Ibẹ̀ ni ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà ti tó láti wá nǹkan níbẹ̀. Ìwé wọn yóò fi orúkọ ẹni tí ń gba ìwé owó orí hàn, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a fún ilẹ̀ náà, iye tí wọ́n dá lé e, àti àwòrán kan. Àwòrán náà wà fún gbígba owó. Awọnlẹ̀ kọ́ ni ó yà á láti fi pààlà. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìní. Òkú lè máa gba ìwé owó orí fún ogún ọdún bí àwọn ọmọ bá ń bá a san án. Ṣùgbọ́n tí orúkọ tí ó wà níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ fún wa, ó yẹ kí etí wa ta.

Ọ́fíìsì kejì ni ibi tí ìwé ìtà gbé wà. Níbẹ̀, a kì í sábà wá ilẹ̀ ní orúkọ ilẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni a fi ń wá a. Àwọn ibìkan ní atọ́ka tí a tò ní ìpín ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n atọ́ka méjì tí ó wọ́pọ̀ ni ti àwọn olùtà àti ti àwọn olùrà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé Ọ̀jọ̀ ni ó ní òun ni òun ni ilẹ̀. A ó wá Ọ̀jọ̀ nínú atọ́ka olùrà, a ó sì rí i pé ọwọ́ Àkàndé ni ó ti rà á, ní ìwé kẹtàlélógún, ojú-ìwé ọgọ́rùn-ún, bí àpẹẹrẹ. A ó wá Àkàndé náà nínú atọ́ka olùrà, yóò gbé wa dé ọ̀dọ̀ Bánkọ́lé. Báyìí ni a ó máa padà sẹ́yìn, bí ẹni tí ń ka ìran ọba láti orí ẹni tí ó wà lórí oyè dé orí ẹni tí ó tẹ ìlú dó. Àwọn kan máa ń padà sẹ́yìn fún ogójì ọdún tàbí ọgọ́ta. Olùwádìí ìtàn lè lọ títí dé orí ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi kọ́kọ́ fún ẹnìkan ní ilẹ̀ náà.

Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Nígbà tí a bá ti mọ gbogbo àwọn tí ilẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ wọn, a ó yí padà sí atọ́ka olùtà, a ó sì wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe láàárín ọjọ́ tí ó gbà á àti ọjọ́ tí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tà á lẹ́ẹ̀mejì? Ǹjẹ́ ó fi dógò ní báńkì, a sì rí ìwé tí ó fi hàn pé ó san gbèsè náà tán? Ǹjẹ́ ó fún aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ láti máa gba ibẹ̀ kọjá? Bí a bá rí i pé orúkọ kan fò, tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá lánàá tí ó sì di ti ọmọ lónìí láì sí ìwé láàárín, ikú ni ó sábà máa ń wà nínú àlàfo náà, a ó sì lọ wo ìwé ogún. Ilé-ẹjọ́ púpọ̀ ti jóná ní gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà ogun abẹ́lé wọn àti lẹ́yìn rẹ̀, tí ìwé sì bá a lọ. Níbẹ̀ olùwádìí a máa fi ìwé owó orí àti ìwé ìròyìn dí àlàfo bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ.

Orúkọ ni ó ń dààmú ènìyàn jù. Nínú ìwé ìjọba, Cudjo Lewis ni Kossola ń jẹ́. Àwọn onímọ̀ kan rò pé orúkọ bàbá rẹ̀, Oluale, ni etí àwọn òyìnbó sọ di Lewis. Nítorí náà abẹ́ L ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe abẹ́ K, a ó sì tún wo oríṣi ọ̀nà tí akọ̀wé lè gbà kọ Cudjo àti Lewis, nítorí ohun tí ó gbọ́ ni ó ń kọ. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn ìgbà láéláé nìkan ni èyí. Nígbà tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀, mo fi odindi ọjọ́ kan wá ọmọ Yorùbá kan lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Abẹ́ orúkọ àbísọ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà kan tí ó sọnù. Àwa tí a ń bínú pé wọn kò fi àmì sí orúkọ wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rí i pé lẹ́tà pé.

Bí a bá wá rí ìwé náà, báwo ni a ṣe ń mọ ilẹ̀ tí ó ń sọ? Ní àwọn ìpínlẹ̀ àtijọ́ tí ó wà ní etí òkun ìlà-oòrùn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ kò ṣàjèjì sí wa: láti ìdí igi óákù dé etí odò, láti etí odò dé ibi odi òkúta aládùúgbò. Àwa náà mọ pèrègún. Àléébù rẹ̀ ni pé igi ń kú, odò sì ń yà. Ní 1785, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin mìíràn fún àwọn ilẹ̀ tí ó kù: kí a ya ilẹ̀ sí ìpín onígun mẹ́rin, máìlì mẹ́fà ní ìbú, mẹ́fà ní òró, kí a pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 36, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 36 wọ̀nyí jẹ́ máìlì kan ní ìbú àti òró, èyí tí í ṣe éékà 640. Ìlànà yìí ni Alabama ń lò. Ní àríwá ìlú Mobile ni òkúta kan wà tí Andrew Ellicott rì mọ́lẹ̀ ní 1799 láti fi pààlà láàárín Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ ọba Spain. Láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ gúúsù Alabama.

Ẹ̀yìn ni a ti ń ka irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀ wá síwájú. Bí ìwé bá ní “ìdá mẹ́rin apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn nínú ìdá mẹ́rin apá gúúsù-ìlà-oòrùn nínú ìpín kẹrìnlá,” ìpín kẹrìnlá ni kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ lé, éékà 640; ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 160; ìdá mẹ́rin èyíinì jẹ́ 40. Éékà 40 yìí gan-an ni iye tí Ọ̀gágun Sherman ní kí a máa pín fún ìdílé àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lóko ẹrú, ní etí òkun South Carolina, Georgia àti Florida ní oṣù Kìíní 1865, tí Ààrẹ Johnson sì gbà padà lọ́wọ́ wọn kí ọdún náà tó parí. Éékà méjì ti Kossola kò tó ìdá mẹ́wàá irú rẹ̀, owó ni ó sì fi rà á. Kí ó lè yé wa, éékà kan jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Bí a bá pín in sí pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 tí a mọ̀ nílé, pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ni. Kossola ra pulọ́ọ̀tì méjìlá.

Mo dé ibi tí ó jẹ́ oko tèmi wàyí, ìyẹn èdè. Èdè ìwé ilẹ̀ jọ èdè ọfọ̀ ní ọ̀nà kan: ọ̀rọ̀ tí ó dà bí àsọtúnsọ níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, iṣẹ́ ni ó ń ṣe, bí a bá sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan rọ́pò òmíràn, iṣẹ́ mìíràn ni yóò ṣe. Nínú oríṣi ìwé ìtà kan, olùtà ní òun ta ilẹ̀ yìí, òun sì fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni òun ni ín, pé bí ẹnikẹ́ni bá yọjú, òun yóò gbèjà olùrà. Nínú oríṣi kejì, ohun tí olùtà sọ kò ju pé: ohun yòówù tí ó bá jẹ́ tèmi níbí, bí ó bá wà, mo yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀ fún ọ. Mo lè buwọ́ lu irú ìwé kejì yìí lórí Afárá Brooklyn lónìí, n kò ní pa irọ́ kankan. Káúńtì lè gbà á, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe ìwé burúkú. Láàárín tọkọtaya tàbí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọni rí tí ó gbé e fún wa láti gba owó ilé, ó yẹ kí a bi í ní ìbéèrè. Ìwé kejì yìí ni ọmọ wa gbà. Ó kà á dé ìparí, ó rí orúkọ ara rẹ̀, ó rí àpèjúwe ilé, kò wo ọ̀rọ̀-ìṣe.

Iye owó pẹ̀lú máa ń tan ènìyàn jẹ. Ìwé púpọ̀ yóò sọ pé “dọ́là mẹ́wàá àti ohun iyebíye mìíràn” ni a fi ra ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ra ilé ní dọ́là mẹ́wàá; wọn kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ iye rẹ̀ ni. Títí di ìparí 1967, sítáǹpù owó orí ìjọba àpapọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ìwé lè ran olùwádìí lọ́wọ́ láti ṣírò iye gidi.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ẹ ó bá pàdé, ó sì yẹ kí ẹ múra sílẹ̀ fún un. Nínú ìwé ilé tí a kọ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ẹ ó rí i pé olùtà fi òfin lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ta ilé náà fún ènìyàn dúdú láéláé. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní 1948 pé ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ fi agbára mú irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣẹ, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ka ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní 1968. Ọ̀rọ̀ náà ti kú, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ìwé, nítorí pé káúńtì kì í ya ojú-ìwé dànù. Ọmọ Yorùbá kan lè ra ilé lónìí kí ó sì bá a nínú ìwé ilé ara rẹ̀.

Mo ti fi èyí tí ó le jù sí ẹ̀yìn. Ní Amẹ́ríkà, bí ènìyàn bá kú láì ṣe ìwé ìhágún, tí kò sì ní ọkọ tàbí aya láyé, ilẹ̀ rẹ̀ a di ti gbogbo ọmọ lápapọ̀. Bí a bá gbọ́ èyí, a ó sọ pé, “Ilẹ̀ ẹbí náà ni.” Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn dúdú gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n di ilẹ̀ mú báyìí, tí wọn kò fẹ́ kí ìwé ìjọba dá sí i, tí wọ́n gbà pé ilẹ̀ tí a kò kọ orúkọ ẹnìkan sí kò ní bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí. Nínú àṣà tiwa, ọmọ ẹbí kò ní ìpín tí ó lè dá mú lọ sí ọjà; bí ẹnìkan bá tà á láì sí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni, ilé-ẹjọ́ wa sì fara mọ́ èyí. Ilé-ẹjọ́ wa tilẹ̀ gba ìtàn àtẹnudẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ọ̀nà márùn-ún tí a lè fi ṣe ẹ̀rí ìní, bí a ti là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976. Ní Amẹ́ríkà, ìdá tí ó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Ó lè tà á fún àlejò. Àlejò náà, tí ó ra ìdá kan nínú ogún, lè lọ sí ilé-ẹjọ́ pé kí a pín ilẹ̀, bí kò bá sì ṣe é pín, kí a ta gbogbo rẹ̀ kí a sì pín owó. Ní ìran kẹta, àwọn tí ó ni ilẹ̀ kan lè tó ogójì, tí wọ́n wà káàkiri, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ara wọn. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gbà bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹrú tí ó fi òógùn rà á.

Òfin kan ti wà láti 2010 tí a gbé kalẹ̀ kí àwọn ìpínlẹ̀ lè gbà á lò. Ó ní kí a kọ́kọ́ dá iye tí ilẹ̀ náà tó, kí a sì fún àwọn ẹbí ní àyè láti ra ìpín ẹni tí ó fẹ́ kí a tà á, kí a tó ta á ní gbangba. Alabama gbà á ní 2014. Ó dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ọmọ ta ni òun, a ó sì tún padà sí ọ̀rọ̀ orúkọ tí akọ̀wé kọ bí ó ṣe gbọ́ ọ.

Mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní ọ́fíìsì káúńtì náà nígbà tí mo lọ kí i. Agbẹjọ́rò ti ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́ta tí ó kù. Méjì ti gbà láti ta ìpín wọn fún un, ẹnì kan kò tíì gbà. Kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí ó lè yí ọ̀ràn padà. Mo kàn ní kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i ni. A kọ́kọ́ wo ìwé owó orí: orúkọ ìyá àgbà náà ṣì ni ó wà níbẹ̀. A wá ọkùnrin tí ó ta ilé nínú atọ́ka olùrà, láti ọdún tí a bí i títí di ọdún tí ó ta ilé. Kò sí ẹni tí ó ta nǹkan kan fún un rí. A wá ìyá náà, a rí i ní 1961, òun ni olùrà, ìwé tí ó ní ìfọwọ́sọ̀yà ni ó gbà, ó sì ti san gbèsè báńkì tán ní 1983. Lẹ́yìn náà a ṣí atọ́ka olùtà sí abẹ́ orúkọ rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà kò gbà wá ju ìṣẹ́jú ogójì lọ. Ọmọ náà fi ìka tọ́ ojú-ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí orúkọ ìyá náà níbẹ̀.